Èèwọ̀ Dé Inú Ìkòkò: Bí Ẹni tí Ara Rẹ̀ Kọ Àlìkámà Ṣe Lè Jẹun Nílé Onílé ní Dutse Alhaji

Ohun tí ó fa pépà kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ní Dutse Alhaji, tí dókítà sọ fún pé kò gbọdọ̀ jẹ gluten mọ́ láyé rẹ̀. Gluten ni èròjà inú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì, tí ó ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bíi rọ́bà. Bí ó bá wọ inú ẹni tí ó ní àìsàn celiac, ara rẹ̀ yóò gbógun ti ìfun kékeré tirẹ̀, oúnjẹ kò sì ní í ṣe é lóore mọ́: ìgbẹ́ gbuuru, inú wíwú, àìtó ẹ̀jẹ̀, rírù. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí a yàgò fún gluten lọ. Kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan. Ìwádìí tí Catassi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé ó wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwọn ọmọ Sàhráwì ní Àríwá Áfíríkà.

Ọmọ yìí kò fẹnu kan búrẹ́dì. Síbẹ̀, bí ó bá ti lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, inú a máa dà á láàmú. Àmàlà ni ó jẹ, èlùbọ́ kò sì ní gluten. Orógùn ni ó gbé e wọlé. Orógùn igi tí a fi ro sẹ̀mó lánàá ni a fi ro àmàlà lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni asẹ́ tí a fi jọ ìyẹ̀fun búrẹ́dì, epo tí a fi din pọ́fù-pọ́fù kí a tó fi din dòdò, ẹ̀rọ ìlọta ọjà tí ó ti lọ àlìkámà ẹlòmíràn, àti abọ́ ọbẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ọwọ́ ń bọ̀. Ìwọ̀n tí ìlànà Codex gbà láàyè nínú oúnjẹ tí a bá pè ní aláìní-gluten kò ju mílígíráàmù 20 nínú kílò kan. Èérún búrẹ́dì lè ba abọ́ jẹ́.

Níbí ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ọmọ sọ fún ẹni tí ó gbà wọ́n lálejò pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa tún ìkòkò yẹn fọ̀.” Onítọ̀hún dáhùn pé, “Ṣé ìkòkò mi dọ̀tí ni?” Ó bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Òmíràn ní iná ti pa á. Gluten kì í ṣe kòkòrò àìsàn. Kò ní ẹ̀mí tí iná yóò pa. Òmíràn búra pé òun kò fún ọmọ ní wíìtì, sẹ̀mó ni. Lẹ́nu wa, wíìtì ni òkèlè aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn nìkan, bẹ́ẹ̀ àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe sẹ̀mó pẹ̀lú.

Ní tèmi, èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a lò. Ẹni tí ó bá ní èèwọ̀ kì í jẹ nínú ìkòkò tí a fi sè é, kò sì sí ẹni tí yóò gbà pé ó bú òun. Ní Dutse Alhaji, ta ni yóò fi ìkòkò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ se ìrẹsì fún aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí? Ìyàtọ̀ kan péré ni pé fífọ̀ dáadáa tó fún ìkòkò irin. Orógùn igi ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí a sọ ọ́ ṣáájú, kí ìkòkò tó gorí iná: “Ẹ̀gbọ́n, èèwọ̀ ọmọ yìí ni àlìkámà, àti orógùn tó bá kàn án.” Kí a dárúkọ oúnjẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: búrẹ́dì, sẹ̀mó, Indomie, tàlíyà, gúráásà. Aládùúgbò tí ó jẹ́ Haúsá yóò tètè gbọ́ àlìkámà, nítorí alkama ni òun náà ń pè é. Kí àlejò mú orógùn àti abọ́ tirẹ̀ dání, kí a sì bu tirẹ̀ kí ọwọ́ mìíràn tó kan ọbẹ̀. Ẹ ka ara páálí magí; ẹ má jẹ́ kí búrẹ́dì tí a po pákí mọ́ tàn yín jẹ, àlìkámà ṣì wà nínú rẹ̀. Mọ́ọ̀tì náà, ọ̀pọ̀ ni ó ní báálì. Bí ojú bá ń tini láti béèrè, ẹyin sísè tí a kò tíì bó, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í dójú tini.

Òde ìnáwó ni a kò tíì rí ojútùú sí. Ẹni mélòó ló fẹ́ béèrè lọ́wọ́ alásè tí ó ń se ìkòkò ọgọ́rùn-ún abọ́ pé orógùn wo ni ó lò? Ilé ni ọmọ yìí ti ń jẹun báyìí kí ó tó lọ jó.