Ẹ Má Ju Afurasí Sílẹ̀ ní Kántà Kí Ẹ Máa Lọ

Ìwé ìlàlóye fún onílé, ayálégbé àti ẹ̀ṣọ́ àdúgbò

Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn láàárín àwa ọlọ́pàá àti ẹ̀yin ará àdúgbò. Lóru, àwọn ọlọ́dẹ á mú ọmọkùnrin kan tó gbé jẹnẹrétọ̀. Ogún ènìyàn á wọ́ ọ wá sí àgọ́, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá mú bébà jáde pé ta ni yóò kọ sítétímẹ́ǹtì, kántà á dá wáí. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ á ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Ẹni tó mú un á ní òun ò fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ òun. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á rí afurasí ní bùkà tó ń jẹun, wọ́n á ní ọlọ́pàá ti gba rìbá.

Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni kò jẹ́ kí a lè tì í mọ́lé títí. Lórí ẹ̀sùn olè jíjà bí irú èyí, ọjọ́ kan péré la ní láti gbé e dé kóòtù, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Bí kò bá sí nítòsí, ọjọ́ méjì ni, àfi bí kóòtù bá fi kún un. Adájọ́ á bi wá pé: ta ló rí i? Kí ló gbé? Ta ló ni ín? Ariwo "olè! olè!" kò lè dáhùn ìkankan níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i ni kó wá, kì í ṣe alága ẹgbẹ́ onílé tó ń sùn lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù, kó mú rìsíìtì wá bó bá ní i. Ẹni tí kò mọ̀wé lè sọ tirẹ̀ ní Yorùbá. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á kà á sí i létí, kó tó tẹ̀ka. Kò sí owó kankan lórí èyí. Bí a bá ránṣẹ́ pè yín sí kóòtù lẹ́yìn náà, ẹ wá o, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ púpọ̀ ń kú sí.

Ẹ má so afurasí mọ́ òpó ní ààfin baálẹ̀ di ọ̀sán. Ojú ẹsẹ̀ ni òfin ní kí ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ má lù ú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táyà wá. Bó bá kú, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́jọ́ ìpànìyàn.

Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Àwọn tó ń dúró lábẹ́ igi níta, tí wọ́n ń bèèrè owó béèlì pé àwọn mọ DPO, ọ̀gá àgọ́, kì í ṣe ara wa.

Gbèsè èsúsú àti owó ilé kì í ṣe ẹjọ́ wa: Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí a mú ènìyàn lórí àdéhùn tó yẹ̀ lásán.

Bí ẹ bá rí ohun tó ń kọ yín lóminú, ẹ pe 112. Kì í gba owó. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ti tẹ ẹnì kan, kí ẹni méjì tó rí i bá a dé kántà, kí wọ́n sì jókòó.