Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè: Òkè, Adé àti Kòkó

Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ kọ àròkọ nípa ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ni ẹ máa ń kọ? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti máàkì ìwé wọn a kọ orúkọ alága, iye ọjà àti iye ilé ìwé, ó parí. Kò burú, ṣùgbọ́n alága a máa lọ, òmíràn a sì dé. Ohun tó ń dúró lẹ́yìn alága ni a fẹ́ sọ níbí, Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú orúkọ. Àwọn àgbà ní Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà láyé àtijọ́, ìyẹn Ifẹ̀ tó wà lórí òkè. Ẹ ṣàkíyèsí Ùfẹ̀ yẹn. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka èdè ìhà ìlà-oòrùn ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ará Èkìtì ṣe ń pe ilé ní ulé. Kì í ṣe àṣìpè rárá, ẹ má sì fi ọmọ tó bá ń sọ ọ́ ṣẹ̀sín nínú kíláàsì. Ní ti Ìdànrè fúnra rẹ̀, wọ́n ní àwọn tó kọ́kọ́ fojú kan òkè náà ló pariwo pé, "Idán rè é o!" Àrọ́bá nìyẹn. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àrọ́bá ni.

Orí òkè ni gbogbo ìlú ń gbé títí di 1923, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tó gòkè náà ju 600 lọ. Ẹ kà á fúnra yín, nítorí iye tí oníkálùkù ń mú bọ̀ kì í bára mu! Lókè lẹ ó ti rí ààfin àtijọ́ Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, ibi ìsìnkú, Omi Àpáàrá, àti ipasẹ̀ Agbóògùn lára àpáta, èyí tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ìbáà ṣe tọmọdé tàbí tàgbà. Ní 2007, Nàìjíríà fi òkè yìí sínú ìwé ìdúródè àjọ UNESCO. Ìdúródè ni o, kò tíì wọlé bí igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ṣe wọlé ní 2005. Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààfin yẹn. Bí òrùlé ilé amọ̀ bá ti jò, òjò kì í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀.

Ọwá ni oyè ọba ìlú. Wọ́n ní adé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Odùduwà wá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń dé e, nígbà ọdún Iden. Ọdún Ọ̀rọ̀sùn náà wà, inú oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é.

Ìkànìyàn 2006 ka 129,024 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Kòkó ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun ló sì ń kó àlejò wá láti ibi gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí n kò rí i nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè Ìdànrè tí àwọn onímọ̀ kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí wọn kò fojú kàn án, kí wọ́n tó tún rí i; ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2014.

Bí ẹ̀yin òbí bá fẹ́ mú ọmọ lọ, ẹ gbé omi dání, ẹ tètè gòkè kí oòrùn tó mú. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun níbi ojúbọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín káàkiri, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ sára àpáta.