Wàrà gbígbóná: Ìpápánu tí kò ní sọ onílé di onígbèsè

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ọ̀pọ̀ onílé ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí lásìkò ọdún àti ìnáwó, nígbà tí owó ẹran bá ga ju ohun tí ọwọ́ ká lọ. Ṣùgbọ́n ìpápánu kan wà tí àwọn ará Ìlọrin, Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ dáadáa, tí àlejò lè máa jẹ kí iyán tó délẹ̀. Wàrà ni.

Àwọn obìnrin Fúlàní ló sábà máa ń ṣe é. Mílíìkì màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ni wọ́n ń gbé ka iná tí kò le. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn á gún ewé bọmubọmu, wọn á fi omi díẹ̀ pò ó, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á sì da oje rẹ̀ sí i. Oje yìí ló ń mú kí mílíìkì náà dì. Nígbà tó bá hó, tí omi rẹ̀ ya sọ́tọ̀, wọn á bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi lè ro kúrò. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kó má dán an wò o, nítorí oje bọmubọmu lè ba ojú jẹ́ bó bá ta sí i.

Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń gbé odidi wàràkàṣì Camembert sínú ààrò títí inú rẹ̀ yóò fi yọ́, kí àlejò máa fi búrẹ́dì kàn án jẹ. Wàrà tiwa kì í yọ́. Bí iná ṣe ń mú un ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń le, tí inú rẹ̀ sì rọ̀. Ìdí nìyí tó fi ṣeé dín, tó ṣeé yan.

Kí onílé ra èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Bó bá ti ń rùn kíkan, kó fi sílẹ̀. Kó gé e wẹ́wẹ́, kó fi iyọ̀ díẹ̀, ata àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa kí òróró má baà ta síni lára. Lẹ́yìn náà, kó dín in díẹ̀díẹ̀ nínú òróró ẹ̀pà gbígbóná, kó má sì yí i padà títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹni tó ní ààrò lè fi òróró pa á lára, kó yan án fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ata sùyà àti àlùbọ́sà tútù ló kù.

Bíbọ̀ àti dídín yìí kì í ṣe fún adùn nìkan. Mílíìkì tí iná kò mú dáadáa lè kó ikọ́ ife màlúù ran ènìyàn, eṣinṣin àti omi ìdọ̀tí sì lè ba wàrà jẹ́ lọ́jà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n tún un bọ̀ kó tó di ọjọ́ kejì.

Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ kò ká ẹran mọ́ yóò gbádùn rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà gbé e wá ní gbígbóná, nítorí bó bá ti tutù, líle ló ń le.