Ẹ Fẹ́ Kọ́lé Sóko? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Kọ́ Tiwọn

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń kọ́lé sí abà kó lè máa mójú tó oko rẹ̀ ló ń gbé àwòrán ilé ìgboro lọ síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́, òrùlé tí kò yọ síta, fèrèsé kékeré. Bí oòrùn bá mú, inú ilé á gbóná bí ààrò. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n á fi máa gbé fáànù, epo á sì máa jẹ èrè oko.

Àwọn baba wa kò ní fáànù, síbẹ̀ wọ́n ń sùn. Ogiri amọ̀ wọn nípọn, kì í tètè gbóná. Òrùlé wọn yọ síta, ó ń gba òjò lára ogiri, ó sì ń ṣíji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn ń gba àgbàlá wọlé, wọ́n sì ń gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti gbomi òjò.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí òrùlé koríko. Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko ní Ìpínlẹ̀ Delta, mú ọgbọ́n ilé àtijọ́ wọ ilé tuntun, ó ń fi yẹ̀pẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì ṣe búlọ́ọ̀kù. Lọ́dún 2023, wọ́n fún un ní Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ tó ti ń ṣe látọjọ́ pípẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ wú ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, yẹ̀pẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ lẹ máa lò. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ pọn omi sí i, ẹ mì í, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù á sán, ẹ fi yanrìn kún un. Garawa sìmẹ́ńtì 1 sí garawa yẹ̀pẹ̀ 12 lè tó. Ẹ fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó lábẹ́ ìbòòji, kó má tètè gbẹ.

Owó ọkọ̀ tó ń kó búlọ́ọ̀kù láti ìgboro ni ẹ máa jèrè rẹ̀. Ẹ má ṣe dín owó ìpìlẹ̀ kù o. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí ìpìlẹ̀ jẹ́ kọnkéré, kó ga ju ilẹ̀ lọ. Kí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí àjà wà lábẹ́ páànù, kí omi àgbàlá sì rọ́nà jáde.

Kí ẹ tó bá bíríkìlà dúnàádúrà, ẹ kọ owó ilé àti owó epo ọdún 5 sórí ìwé kan náà. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ilé tó wọ́n jù.