Ibi Iṣẹ́ àti Ilé Àbọ̀: Èdè-Ìperí fún Owó-Orí Lórí Iṣẹ́ Àtòkèèrèṣe ní Amẹ́ríkà

1. Ìfáárà

Owó-orí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí oníkálukú gbà pé òun mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ a máa lò ó nínú kíláàsì, ògbufọ̀ a máa lò ó nínú ìròyìn, kò sì sí ẹni tí í dúró béèrè ohun tí owó náà so mọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó sínú ilé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ náà di ìṣòro. Ìpínlẹ̀ méjì lè na ọwọ́ sí owó iṣẹ́ kan ṣoṣo. Irú ọ̀ràn báyìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ti dé ilé-ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni bí irú owó-orí bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn èdè-ìperí tí ó yẹ kí a fi ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Kókó rẹ̀ ni pé àpólà-orúkọ kékeré kan, ìyẹn ibi iṣẹ́, ni gbogbo àríyànjiyàn náà sá pamọ́ sí. Ògbufọ̀ tí kò bá la ìtumọ̀ àpólà yìí sí méjì yóò ròyìn ìjà náà láìsọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe láti ọ̀nà jíjìn fún agbanisíṣẹ́ ni a pè ní iṣẹ́ àtòkèèrèṣe níhìn-ín. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì: bí à-ti-ọwọ́-dá ti di àtọwọ́dá, tí à-ti-inú-dá sì di àtinúdá, bẹ́ẹ̀ ni à-ti-òkèèrè-ṣe di àtòkèèrèṣe. Ó sàn ju iṣẹ́ àtiléṣe lọ, nítorí pé kì í ṣe inú ilé nìkan ni a ti lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

2. Orí, Ilẹ̀ àti Ibodè

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní orúkọ fún owó tí aláṣẹ tàbí onílẹ̀ ń gbà. Mẹ́ta nínú wọn wúlò fún àlàyé yìí. Owó-orí so mọ́ ènìyàn fúnra rẹ̀: ibi tí orí bá wà ni owó náà wà. Ìṣákọ́lẹ̀ so mọ́ ilẹ̀: ẹni tí ó dá oko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ń san án, ibi yòówù kí ilé rẹ̀ wà. Owó ibodè so mọ́ ìrìn: ẹni tí ó gbé ẹrù kọjá ni ó ń san án.

Méjì àkọ́kọ́ nínú ìpìlẹ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà dì mú. Ní orílẹ̀-èdè náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára láti gbé òfin owó-orí tirẹ̀ kalẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà. Wisconsin gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1911, New York sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1919. Àwọn mìíràn, bí Texas, Florida, Tennessee àti New Hampshire, kì í gba owó-orí lórí owó iṣẹ́ rárá.

Ìlànà kìíní ni ìlànà ibùgbé. Nípa ìlànà yìí, ìpínlẹ̀ ń gba owó-orí lórí gbogbo owó tí ó wọlé fún olùgbé rẹ̀, ibikíbi tí owó náà ti wá. Ìlànà kejì ni ìlànà orísun. Nípa èyí, ìpínlẹ̀ ń gba owó-orí lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe olùgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí owó tí onítọ̀hún rí lórí ilẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ìlànà kejì yìí jọ ìṣákọ́lẹ̀ ju owó-orí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lónìí. Ní 1920, nínú ẹjọ́ Shaffer tí ó wá láti Oklahoma, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i pé ìpínlẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà, nínú ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ Yale & Towne bá New York ṣe, ó là á sílẹ̀ pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìdẹ̀ra tí ó fún olùgbé rẹ̀ du ẹni tí ó ti òde wá ṣiṣẹ́.

Ìlànà orísun lè ya òǹkàwé ní Nàìjíríà lẹ́nu, nítorí pé ìlànà ibùgbé ni owó-orí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀lé níbẹ̀: ẹni tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, Ògùn ni òfin ní kí ó gba owó-orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ògbufọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà owó-orí yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún òǹkàwé.

3. Ibùgbé àti Ilé Àbọ̀

Ta ni olùgbé? Òfin New York dá ìbéèrè yìí lóhùn ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní wo ibi tí ènìyàn kà sí ilé rẹ̀ gan-an, ibi tí ó ní i lọ́kàn láti padà sí nígbàkigbà tí ó bá jáde lọ. Àwọn àgbà ti sọ pé ilé ni àbọ̀sinmi oko. Nítorí náà ilé àbọ̀ ni èdè-ìperí tí ó bá èrò yìí mu jù lọ. Ènìyàn lè ní ibùgbé mẹ́ta, ṣùgbọ́n ilé àbọ̀ rẹ̀ kò lè ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà kejì ka ọjọ́. Ẹni tí ilé àbọ̀ rẹ̀ kò sí ní New York, ṣùgbọ́n tí ó ní ibùgbé tí ó wà títí níbẹ̀, tí ó sì lo ju 183 ọjọ́ lọ nínú ọdún ní ìpínlẹ̀ náà, di olùgbé lójú òfin. Bí ògbufọ̀ bá lo ibùgbé fún méjèèjì, kò ní yé òǹkàwé bí ó ṣe ṣeé ṣe kí ènìyàn kan jẹ́ olùgbé ìpínlẹ̀ méjì nínú ọdún kan.

4. Ìkàsí Yàtọ̀ sí Àyọkúrò

Nígbà tí ó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kan ń gbà nítorí ibùgbé, tí òmíràn ń gbà nítorí orísun, ẹni tí ó ń gbé ní ọ̀kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èkejì ì bá máa san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó ń gbà á sílẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ ibùgbé rẹ̀ máa ń ka owó tí ó san fún ìpínlẹ̀ kejì sí i. Èyí ni a pè ní ìkàsí. Kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ àyọkúrò, èyí tí í dín iye owó tí a fẹ́ gba owó-orí lé lórí kù.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Kí a gbà pé Lágbájá ń gbé ní ìpínlẹ̀ A, ó ń wọ ọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ B lójoojúmọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 100,000 dọ́là lọ́dún. A ń gba 5 nínú 100, B ń gba 6 nínú 100.

(i) Bí kò bá sí ìkàsí tàbí àyọkúrò, Lágbájá yóò san 6,000 fún B àti 5,000 fún A. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11,000 dọ́là.
(ii) Bí ó bá jẹ́ àyọkúrò ni, A yóò yọ 6,000 kúrò nínú 100,000, yóò sì gba 5 nínú 100 lórí 94,000 tí ó kù, ìyẹn 4,700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,700 dọ́là.
(iii) Bí ó bá jẹ́ ìkàsí ni, 5,000 tí A ì bá gbà ti wà nínú 6,000 tí B ti gbà. A kò ní gba nǹkan kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,000 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ògbufọ̀ bá ṣì lò ni ó fa ìyàtọ̀ 4,700 dọ́là láàrin (ii) àti (iii). Ní 2015, nínú ẹjọ́ Wynne tí ó wá láti Maryland, ìkàsí yìí ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbé yẹ̀ wò. Maryland ń ṣe ìkàsí lórí owó-orí ti ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é lórí apá tí ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Adájọ́ márùn-ún lòdì sí mẹ́rin sọ pé èyí tako òfin ìpìlẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ ti bá ara wọn ṣe àdéhùn ṣe-fún-mi-kí-n-ṣe-fún-ọ. New Jersey àti Pennsylvania wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀: ìpínlẹ̀ ibùgbé òṣìṣẹ́ nìkan ni ó ń gba owó-orí lórí owó iṣẹ́ rẹ̀.

5. Ìtumọ̀ Méjì Inú Ibi Iṣẹ́

Ìkàsí ní ààlà kan. Ìpínlẹ̀ A kì í ṣe ìkàsí àfi lórí owó tí òun pẹ̀lú gbà pé ìpínlẹ̀ B ni orísun rẹ̀. Bí A àti B kò bá fi ẹnu kò lórí ibi tí owó náà ti wá ńkọ́? Ibí yìí ni ibi iṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ pàtàkì.

Bí ẹnìkan bá sọ pé, “New York ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà,” ìtumọ̀ méjì ni ó lè ní. Ó lè jẹ́ pé New York ni onítọ̀hún wà nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé New York ni ọ́fíìsì tí iṣẹ́ náà so mọ́ wà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ń wọ ọkọ̀ ojú irin láràárọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, méjèèjì jẹ́ ibì kan náà, kò sì sí ìdí láti yà wọ́n. Iṣẹ́ àtòkèèrèṣe ni ó yà wọ́n. Nítorí náà ojúkò iṣẹ́ ni kí ó jẹ́ orúkọ ibi tí òṣìṣẹ́ wà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ibùdó iṣẹ́ ni kí ó sì jẹ́ orúkọ ọ́fíìsì agbanisíṣẹ́ tí iṣẹ́ náà so mọ́.

Ojúkò iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń wò: wọn a ka iye ọjọ́ tí àlejò fi ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ wọn, wọn a sì gba owó-orí lórí ìwọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n New York, Delaware àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn ní òfin ìrọ̀rùn-tàbí-kànńpá. Ní New York, òfin náà mú àlejò tí ó ń ṣe apá kan iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ náà, tí ó sì ń ṣe apá kejì níta. Bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́ ni ó mú un ṣiṣẹ́ níta, wọn yóò ka ọjọ́ náà bí ẹni pé inú New York ni ó wà. Bí ó bá jẹ́ kànńpá fún agbanisíṣẹ́, bí àpẹẹrẹ, bí iṣẹ́ náà bá nílò ohun èlò pàtàkì tí kò sí ní ọ́fíìsì, wọn kò ní kà á. Ìdí tí wọ́n fi gbé òfin náà kalẹ̀ ni pé olùgbé New York tí ó gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wálé kò rí ìdẹ̀ra owó-orí gbà nítorí rẹ̀. Kò sì yẹ kí aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń ti òde wá rí i gbà. Òfin náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé: ní 1974 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní New York ti fi ọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ Speno.

6. Ẹjọ́ Mẹ́ta

Edward Zelinsky, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin, ń gbé ní Connecticut, ó sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan ní Manhattan. Ó máa ń lọ sí ìlú fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a sì máa ṣe ìwádìí àti ìwé kíkọ nílé. New York gba owó-orí lórí gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ fún 1994 àti 1995. Connecticut kò ṣe ìkàsí lórí àwọn ọjọ́ tí ó fi ṣiṣẹ́ nílé, nítorí pé lójú tirẹ̀ Connecticut ni orísun owó ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní New York dá New York láre. Ní 2004, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. New York wo ibùdó iṣẹ́, Connecticut wo ojúkò iṣẹ́, ọkùnrin náà sì san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjọ́ kan náà.

Thomas Huckaby ń gbé ní Nashville, ní Tennessee. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ wà ní Queens, ní New York. Bí ìdá mẹ́rin iṣẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan ni ó ṣe ní New York. Ó ṣe mẹ́ta ní Tennessee. New York gba owó-orí lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 2005, adájọ́ mẹ́rin lòdì sí mẹ́ta dá New York láre. Ìkàsí kò sì lè ran Huckaby lọ́wọ́, nítorí Tennessee kì í gba owó-orí lórí owó iṣẹ́. Kò sí ohun tí wọn yóò ka owó náà sí.

Ẹjọ́ kẹta jẹ́ ti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà lé òṣìṣẹ́ wọlé ní 2020, Massachusetts gbé ìlànà onígbà díẹ̀ kalẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún náà tí ó sì parí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 2021: àlejò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àjàkálẹ̀ àrùn wá mú kí ó máa ṣe é nílé, yóò máa san owó-orí bí ti tẹ́lẹ̀. New Hampshire pe Massachusetts lẹ́jọ́ ní oṣù kẹwàá 2020. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2021, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ. Ìbéèrè náà kò tíì rí ìdáhùn lọ́dọ̀ ilé-ẹjọ́ yẹn nígbà náà; àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ń fi òfin dá ara wọn lóhùn. Connecticut ní 2018, àti New Jersey ní 2023, gbé òfin kalẹ̀ pé òfin ìrọ̀rùn-tàbí-kànńpá yóò mú kìkì olùgbé ìpínlẹ̀ tí ó bá ń fi irú òfin bẹ́ẹ̀ mú olùgbé tiwọn.

7. Àwọn Èdè-Ìperí

Iṣẹ́ àtòkèèrèṣe: iṣẹ́ tí a ń ṣe fún agbanisíṣẹ́ láti ibi tí ó jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ̀.
Ìlànà ibùgbé: gbígba owó-orí nítorí ibi tí ènìyàn ń gbé.
Ìlànà orísun: gbígba owó-orí nítorí ibi tí owó ti wá.
Ilé àbọ̀: ibi kan ṣoṣo tí ènìyàn kà sí ilé, tí ó ní i lọ́kàn láti padà sí.
Àyọkúrò: owó tí a mú kúrò nínú owó tí ó wọlé kí a tó ṣírò owó-orí.
Ìkàsí: owó-orí tí a san níbòmíràn tí a kà mọ́ èyí tí ó yẹ kí a san nílé.
Ojúkò iṣẹ́: ibi tí òṣìṣẹ́ wà nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.
Ibùdó iṣẹ́: ọ́fíìsì agbanisíṣẹ́ tí iṣẹ́ so mọ́.
Òfin ìrọ̀rùn-tàbí-kànńpá: òfin tí ó ka ọjọ́ iṣẹ́ òde mọ́ ti ibùdó iṣẹ́, àfi bí ó bá jẹ́ kànńpá fún agbanisíṣẹ́.

8. Ìgúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìròyìn irú ẹjọ́ wọ̀nyí yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: níbo ni ilé àbọ̀ òṣìṣẹ́ náà wà, níbo ni ojúkò iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbo sì ni ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ wà? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní ìpínlẹ̀ kan, ibi iṣẹ́ nìkan tó, kò sì sí ìjà. Bí wọ́n bá yapa, kí ó má ṣe lo ibi iṣẹ́ rárá. Onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá oko sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Zelinsky àti Huckaby ń béèrè ni bóyá ó lè gbà á lórí ọjọ́ tí àgbẹ̀ náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ oko.