Piriton, Oògùn Oorun àti Sààrì: Ẹ Ṣọ́ra fún Oògùn Tí Ẹ Ń Kó Pọ̀

Bí oṣù ààwẹ̀ bá ti dé, àwọn àgbàlagbà wa mìíràn máa ń kó gbogbo oògùn ọjọ́ kan jọ, wọn a sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní sààrì. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí nínú rẹ̀ ni Piriton, hóró kékeré tí a ń lò fún kátàrì àti ara yíyún.

Piriton kì í ṣe oògùn burúkú. Chlorpheniramine ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Bí ohun tí ara kò gbà bá kàn wá, ara a tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní histamine jáde. Òun ló ń mú imú ṣomi, òun ló ń mú ara yún, Piriton a sì dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n histamine yìí kan náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọpọlọ wà lójúfò. Piriton máa ń wọ inú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó lò ó fi ń tòògbé.

Bí ó bá wá bá Valium, Lexotan, tramadol, oògùn wárápá bíi phenobarbital tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú ara ńkọ́? Wọn a gbè é. Bàbá lè dìde ṣe àlùwàlá lóru kó ṣubú. Èémí fúnra rẹ̀ lè falẹ̀, pàápàá pẹ̀lú tramadol àti codeine. Àwa tí a kì í mutí náà, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ agbo tí a ń rà. Ògógóró ló wà nínú òmíràn.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn páálí. Ọ̀pọ̀ oògùn òtútù ti ní chlorpheniramine nínú tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fi Piriton lé e ti lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní Phenergan kó lè sùn: ó lè gba èémí lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má fúnra yín dá oògùn wárápá tàbí oògùn oorun dúró o, ewu mìíràn nìyẹn. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín lọ bá dókítà tàbí apòògùn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá loratadine lè rọ́pò Piriton. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, kì í sì í sábà kunni lóorun. Bí wọ́n bá ní oògùn yín kò ṣeé sún síwájú, ààyè tí Ọlọ́hun fún aláìsàn wà nínú Suratul-Baqarah, aaya 185.

Bí ẹnìkan bá lo irú oògùn wọ̀nyí, tí ẹ jí i tí kò jí, tàbí tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.