Ẹja Aláwọ̀ Wúrà ní Adágún Orí Òkè

Ọ̀rọ̀ àjò ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjò ọkọ̀ ojú irin, kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú. Àjò ẹsẹ̀ ni. Ènìyàn yóò di oúnjẹ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ àti àgọ́ tí yóò sùn sí sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, yóò sì máa gun òkè lọ títí yóò fi dé ibi tí igi kò ti lè hù mọ́, kí ó lè ju ìwọ̀ sínú adágún kan tí omi rẹ̀ tutù rinrin. Bí ẹ bá bi í pé kí ni ó ń wá, yóò ní ẹja ni. Bẹ́ẹ̀ ẹja kún ọjà ìlú rẹ̀!

Kí wá ni àǹfààní irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Ẹ bá wa kà á dé òpin, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan olúkúlùkù ẹni tí ó ní ilé àti ọmọ.

Ibi Tí Òkè Náà Wà

Ní ìpínlẹ̀ California, ní apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́ òkè kan wà tí à ń pè ní Sierra Nevada. Èdè Sípéènì ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀wọ́ òkè oníyìnyín. Gígùn rẹ̀ láti àríwá dé gúúsù tó nǹkan bí 400 máìlì. Nínú rẹ̀ ni Mount Whitney wà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 14,505 ẹsẹ̀ bàtà. Bí a bá yọ ilẹ̀ Alaska sẹ́yìn, kò sí òkè mìíràn ní Amẹ́ríkà tí ó ga jù ú lọ.

Láyé àtijọ́, yìnyín ńláńlá ni ó bo ibẹ̀. Bí yìnyín náà ti ń rọra wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbẹ́ àpáta bí ọ̀jọ̀gbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà ti í gbẹ́ ọpọ́n. Nígbà tí ó yọ́ tán, omi dúró sínú àwọn kòtò náà, wọ́n sì di ọ̀kẹ́ àìmọye adágún. Ní àwọn tí ó ga jù lọ nínú wọn, yìnyín a máa bo ojú omi tó oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú ọdún. Ìgbà ooru wọn, láti oṣù Keje títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ni ẹlẹ́sẹ̀ lè rin ibẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Lára àwọn adágún wọ̀nyí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Cottonwood Lakes, ní gíga nǹkan bí 11,000 ẹsẹ̀ bàtà, lókè ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lone Pine. Mọ́tò a máa gbé ènìyàn dé Horseshoe Meadow, tí òun pàápàá ga tó nǹkan bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Láti ibẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rírìn bíi máìlì márùn-ún sí mẹ́fà. Ibẹ̀ gan-an ni a ó mú yín lọ lónìí.

Ẹrù Tí A Ó Dì

Ẹ̀yin ìyá, a mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó mọ ẹrù í dì bí yín. Ṣùgbọ́n ẹrù yìí yàtọ̀, nítorí kò sí alárùú, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín gbà á lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ní kí ẹrù ẹni má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara ẹni lọ. Ẹni tí ó bá wúwo tó 60 kílò, kí ó má ru ju 12 lọ. Ẹ tẹ́ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kó sórí ẹní, kí ẹ sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Ǹjẹ́ mo lè wà láìsí ìwọ fún ọjọ́ mẹ́ta?" Ẹnu yóò yà yín bí ohun tí ẹ ó dá padà sínú àpótí ti pọ̀ tó.

Ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀ nìyí: àgọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àpò ìsùn tí ó móoru, ẹ̀wù òtútù, ẹ̀wù òjò, ìṣáná, sítóòfù kékeré, ìkòkò kan, oúnjẹ gbígbẹ, àti ọ̀pá ìwọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ìgbà ooru kò ní òtútù, nítorí ní oṣù Kẹjọ pàápàá omi lè dì lóru ní ibi gíga bẹ́ẹ̀. Béárì dúdú wà nínú igbó náà, imú rẹ̀ sì mú púpọ̀. Nítorí náà inú agolo líle tí kò lè ṣí ni a ń kó oúnjẹ sí, a ó sì gbé e jìnnà sí ibi tí a sùn. Ẹni tí yóò sùn lórí òkè náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó, nítorí iye ènìyàn tí wọ́n ń jẹ́ kí ó wọlé lóòjọ́ ní òǹkà.

Mùsùlùmí tí ó bá ń lọ yóò fi ẹní ìkírun fúyẹ́fúyẹ́ kún tirẹ̀. Omi àlùwàlá kò wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n títutù rẹ̀ a máa wọ egungun. Lórí òkè bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti í mọ rírì ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun ṣe fún arìnrìn-àjò: ìrun onírákà mẹ́rin tí a ń kí ní méjì, àti fífi ọwọ́ tútù pa orí bàtà awọ tí a fi àlùwàlá wọ̀, fún ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta. Ẹ lè bi alùfáà yín léèrè bí a ti í ṣe é.

Ẹ̀sọ̀ Ni Ìgbín Fi Ń Gun Igi

Afẹ́fẹ́ orí òkè kò nípọn bí ti ìsàlẹ̀. Èémí yóò máa gé, orí sì lè máa fọ́. Nítorí náà ó dára kí ẹ sùn ní òru kan ní Horseshoe Meadow kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, kí ara lè mọ ibẹ̀. Ẹ rọra rìn, ẹ mu omi dáadáa, kí ẹni tí ó yára sì dúró de ẹni tí kò yára. Bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan, tí ó ń bì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ mú un sọ̀kalẹ̀ kíá. Òkè kò ní lọ síbì kan, ẹ lè padà wá lọ́dún tí ń bọ̀.

Àrá a máa sán níbẹ̀ ní ọ̀sán ìgbà ooru. Kí ọ̀sán tó pọ́n ni kí a ti kúrò lórí àpáta gbalasa. Bí omi adágún ti mọ́ gaara tó nì, a kì í mu ún bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, nítorí kòkòrò tí ojú kò rí lè wà nínú rẹ̀ tí yóò da inú rú.

Ìwọ̀ Tí Kò Ní Ìjẹ

Ẹ ti mọ apẹja aláwọ̀n, ẹ sì mọ ẹni tí ń fi ekòló sí ẹnu ìwọ̀. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ, irun ẹran àti òwú ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀ kékeré, títí yóò fi jọ eṣinṣin tàbí ẹ̀fọn tí ó bà sórí omi. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ṣòro ni, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Mary Orvis Marbury ti ìpínlẹ̀ Vermont, tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tí ń wé ìwọ̀ ní ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1892 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn ìwọ̀ wọ̀nyí àti ìtàn wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, tí ẹ ń hun fìlà, ẹ kò lè ṣàì mọ irú sùúrù tí ó wà nídìí rẹ̀.

Nínú ìwọ̀ tí a mọ̀, òjé ni ó ń fa okùn lọ sínú omi. Nínú èyí, okùn fúnra rẹ̀ ni ó wúwo, ìwọ̀ náà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Apẹja yóò ju okùn sẹ́yìn, yóò dúró díẹ̀ kí ó lè nà tán lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó jù ú síwájú. Ẹni tí kò bá lè dúró, okùn yóò dún bí pàṣán létí rẹ̀, yóò sì lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tàbí nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, tí omi sì dúró bí dígí, ìgbà náà ni kí ẹ lọ. Ẹ rọra tẹ ilẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí omi, nítorí ẹja náà a máa rìn létí bèbè, ojú rẹ̀ sì ríran. Ẹ wo ibi tí odò kékeré ti ń ṣàn wọlé, nítorí níbẹ̀ ni oúnjẹ ń bá omi wá. Bí ẹ bá rí i tí omi ṣe bírí, ẹ ju ìwọ̀ sí iwájú ibẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù.

Bí ó bá gbé e, ẹ ó rí ohun ẹlẹ́wà. Ọ̀kan nínú irú ẹja tí wọ́n ń pè ní trout ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n bí wúrà, ikùn rẹ̀ pupa bí osùn, àmì dúdú roboto sì tò sí ara rẹ̀. Kì í tóbi, nítorí oúnjẹ kò pọ̀ lókè, púpọ̀ nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ dáadáa. Ìpínlẹ̀ California fi í ṣe ẹja àmì ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 1947.

Ìkòkò Kọfí Àti Ẹja Mẹ́tàlá

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí ẹja náà ti ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ adágún òkè Sierra Nevada ni kò ní ẹja kankan rí, nítorí ìtàkìtì omi ga jù fún ẹja láti gùn. Inú àwọn odò kan tí ń ṣàn lọ sí odò Kern ni ilé ẹja aláwọ̀ wúrà. Ní ọdún 1876, ọ̀gá ilé ìlagi kan tí ń jẹ́ Sherman Stevens àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kó ẹja mẹ́tàlá sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se kọfí, wọ́n sì rù wọ́n lọ dà sínú odò Cottonwood. Ní ọdún 1891, àwọn ènìyàn tún kó nínú àwọn ọmọ wọn gòkè lọ sínú àwọn adágún. Nígbà tí ó yá, láti àwọn adágún wọ̀nyí ni ìjọba ti ń kó ẹyin, kí wọ́n lè sin ọmọ ẹja lọ sí òkè mìíràn. Ìbaaka ni ó kọ́kọ́ ń ru irú ẹja bẹ́ẹ̀ nínú agolo. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń dà wọ́n sínú omi láti ojú ọ̀run.

Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ta ni yóò sọ pé fífi ẹja sínú omi burú? Ṣùgbọ́n omi náà kò ṣófo bí wọ́n ti rò. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan ni ó ni ibẹ̀, tí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nítorí òtútù, ọmọ rẹ̀ a máa gbé inú omi tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó yọ ẹsẹ̀ tán. Ẹja jẹ àwọn ọmọ náà. Ó jẹ kòkòrò omi pẹ̀lú, tí àwọn ẹyẹ orí òkè ń dúró dè kí ó yọ ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni àrùn awọ ara kan tún dé bá àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n ti pòórá ní ohun tí ó ju ìdá 90 nínú 100 ibi tí a ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ní ọdún 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì kà wọ́n mọ́ ẹ̀dá tí ó fẹ́ run.

Ẹja aláwọ̀ wúrà fúnra rẹ̀ kò bọ́. Àwọn trout mìíràn tí ènìyàn kó wá sínú odò ìbí rẹ̀ ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń gùn ún, tí ìran rẹ̀ fi ń dà pọ̀. Ẹni tí a fi ṣe àlejò aláìpè ní ilé ẹlòmíràn, àlejò aláìpè ti gba ilé tirẹ̀!

Kí Ni Kí A Ṣe?

Láti ọdún 2001, àwọn olùtọ́jú ọgbà ìjọba Sequoia àti Kings Canyon ti ń fi àwọ̀n kó ẹja kúrò nínú àwọn adágún kan. Ní ibi tí wọ́n ti kó wọn tán, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Wọ́n fi ẹja sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ adágún mìíràn fún àwọn apẹja. Nítorí náà, ohun tí ó bàjẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n títún un ṣe gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ìbàjẹ́ rẹ̀ gba ìkòkò kọfí kan péré.

Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè òfin adágún tí ẹ fẹ́ dé, nítorí ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibì kan. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀dá alààyè kankan láti omi kan dà sí òmíràn. Ẹja kò ní dídú nínú ẹ̀sìn wa, ẹ mú ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ yan án lórí sítóòfù, kí ẹ sì dúpẹ́. Àwọn kan a máa mú ẹja ní ogún, kí wọ́n sì tún dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní láti dá èyí tí ó kéré jù sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi omi tu ọwọ́ yín, kí ẹ má sì gbé e kúrò nínú omi. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ẹni tí ó ti rí èyí tí yóò jẹ, kí ó ká okùn rẹ̀. Ẹ̀mí kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ẹ kó gbogbo pàǹtí yín padà sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì délé, tí ẹ tú ẹrù, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ sọ ìtàn ìkòkò kọfí náà fún wọn. Inú rere ni ó gbé ẹja gun òkè. Ṣùgbọ́n kí inú rere tó gbé nǹkan wọ ilé onílé, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń gbé ibẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.